Ọ̀gá Omi Tó Fòfin De “Kò Yé Mi”

Omi ló ń bọ́ ìlú Sary-Tektir ní ilẹ̀ Kyrgyz. Ó ń ti inú yìnyín orí òkè sọ̀kalẹ̀, ó ń gba inú kòtò omi ńlá kan kọjá, ìlẹ̀kùn irin méje sì ń yà á sí oko ẹ̀wà tọ̀tún-tòsì. Ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún ìlẹ̀kùn méje yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ernazar Tashtanbekovich Mombekov lorúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e kúrú. Akọ̀wé kan pè é ní Ernazar lásán lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni akọ̀wé náà fi ka òkúta etí odò fún ìjìyà, tí ó sì kọ iye wọn sínú ìwé.

Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìpín Omi ni Mombekov. Kí ó tó débẹ̀, gbọ̀ngán eré ìlú ló ń bójú tó, iṣẹ́ méjì péré ló sì kọ́ níbẹ̀: bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, àti bí a ṣe ń dákẹ́ de àtẹ́wọ́. Ní ti omi, ohun tí ó mọ̀ kò ju pé wọ́n ń fi se tíì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣé níbi tiyín, ẹni tó mọ omi ni wọ́n fi ń ṣọ̀gá omi?

Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí àgbàlá, ọwọ́ ọ̀tún láyà, orí nílẹ̀. Mombekov á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ dúdú, fìlà funfun gogoro lórí. Jumakadyr, igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nà ró, á bọ́ síwájú.

“Ọ̀gá wa,” ni yóò wí, “oòrùn ti yọ láti ẹ̀yìn òkè, àmọ́ a ò tíì pè é ní òwúrọ̀. Ẹ̀yin la ń dúró dè.”

“Jumakadyr, o máa ń sọ àsọdùn.”

“Rárá o, Ọ̀gá. Mo dín in kù ni.”

Mombekov á fi ojú fo ìlà náà bí ẹni ń ka àgùntàn, á wá wọlé. Inú rẹ̀ á dùn títí di ọ̀sán.

Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọ́fíìsì yìí ni obìnrin kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde wá tò. Burulcha lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ẹ̀wù onírun tí kò lápá lọ́rùn, ife tíì lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà méjì níwájú. Òun ló kọ ètò tó ń sọ fún ìlẹ̀kùn omi kọ̀ọ̀kan ìgbà tí yóò ṣí àti ìgbà tí yóò tì. Bí àwọn àgbẹ̀ bá bi í bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó máa ń sọ fún wọn nìyí: kọ̀ǹpútà ò gbọ́ èdè ènìyàn, ètò kan tó ń ṣe ògbufọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà láàárín. Nínú èdè tí òun fi ń kọ ètò omi, gbogbo nǹkan ló jẹ́ ẹni. Ìlẹ̀kùn jẹ́ ẹni, oko jẹ́ ẹni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun pàápàá jẹ́ ẹni, wọ́n sì ń ránṣẹ́ síra wọn bí ará ilé kan. Ògbufọ̀ á gba ọ̀rọ̀ náà, á lọ̀ ọ́ kúnná di àmì wẹ́wẹ́, á wá máa ka àmì náà níkọ̀ọ̀kan, á máa ṣe ohun tí wọ́n wí.

Ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀ náà. Ènìyàn mọ́kànlélógójì láti ilẹ̀ oríṣiríṣi ló kọ ọ́, tí wọ́n fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ, orúkọ wọn sì wà nínú rẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n so mọ́ ọn kò le: ẹni tó bá fẹ́ lè tú inú rẹ̀ wò, ó lè tún un ṣe, ó lè fún aládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má pa orúkọ àwọn tó ṣe é rẹ́, bí ó bá sì yí nǹkan padà, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló yí i. Burulcha ti kọ́ ọ ní èdè ìlú. Bí ẹnikẹ́ni nínú ètò náà bá gba iṣẹ́ tí kò mọ̀, kò ní díbọ́n. Á dúró gbọnin, á kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé, “Kò yé mi,” á sì tọ́ka síbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Burulcha á tún ibẹ̀ ṣe, omi á máa lọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ báyìí, kò sí oko tó gbẹ.

Ní oṣù Karùn-ún ni Gómìnà Nurzada wá wo ilé-iṣẹ́ náà. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀ nítorí pé ibi tí ẹrẹ̀ wà ló máa ń fẹ́ wò. Mombekov mú un wọ yàrá Burulcha, ó ní kí Burulcha dìde kúrò lórí àga.

“Ẹ̀yin Gómìnà wa ọ̀wọ́n,” ó ní, “ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bí ẹṣin ṣe ń gbọ́ ti olówó rẹ̀. Ẹ wò ó.”

Ó jókòó, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí adìẹ ṣe ń ṣa ọkà. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ pé: “Ìlẹ̀kùn kẹrin, kí ọ̀gá rẹ.”

Kọ̀ǹpútà dáhùn lójú ẹsẹ̀: “Ìlẹ̀kùn kẹrin: kò yé mi. Mi ò mọ ‘kí ọ̀gá rẹ’.”

Jumakadyr bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ kí ẹ̀rín má bàa jáde. Gómìnà tẹ̀ síwájú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ernazar, ó ní òun ò mọ̀ ọ́.” Lẹ́yìn náà ló bi Burulcha léèrè nípa ìlẹ̀kùn kẹrin, àwọn obìnrin méjèèjì sì sọ̀rọ̀ irin àti ìpẹtà fún ìdajì wákàtí. Mombekov dúró tì wọ́n bí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ohun tí wọ́n ti fi yìn ín láti ọdún méjì, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn irin kan ṣoṣo ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó pe ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ gùn tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo máa fi ìdí ọ̀rọ̀ náà nìkan tó yín létí, nítorí mo ní àánú.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ni Mombekov wí, “kí ni ìjọba? Ìjọba ni ẹni tó mọ̀. Òkè lè má mọ̀, odò lè má mọ̀, àgbẹ̀ kì í tilẹ̀ mọ̀. Ìjọba gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀rọ yìí, ti ìjọba ni. Nígbà tí ẹ̀rọ ìjọba bá wá la ẹnu rẹ̀ gbàgà níwájú àlejò, tí ó ní kò yé òun, ta ni kò yé? Ìjọba ni kò yé. Èmi ni kò yé.”

Jumakadyr pàtẹ́wọ́. Ó rí i pé òun nìkan ló ń pa á, ó sì ṣe bíi pé ẹ̀fọn lòun ń pa.

“Burulcha,” Mombekov ké sí i, kò fi àǹtí ṣáájú orúkọ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà fi ọdún méje jù ú, “ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí ní àfojúdi?”

“Kì í ṣe àfojúdi, Ọ̀gá. Bí mo bá rán ìlẹ̀kùn ní iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n jẹ́, ó yẹ kó sọ fún mi.”

“Kí nìdí?”

“Kí n lè mọ̀ pé mo ti ṣe àṣìṣe.”

“Àṣìṣe.” Mombekov wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan. “Nínú ilé-iṣẹ́ yìí, ta ló ń ṣe àṣìṣe?”

Gbogbo wọn gbójú sókè bí ẹni pé àjà ilé ni ìdáhùn wà.

Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, “Kò yé mi” ti di èèwọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá wí fún ògbufọ̀, “Ó yé mi, Ọ̀gá” ni kó máa fi dáhùn, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí wọ́n fi orúkọ àwọn tó kọ ọ́ han òun. Ó kà wọ́n láti òkè délẹ̀, orúkọ àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè tí ahọ́n rẹ̀ kò lè pè.

“Èwo ni tèmi níbí?”

“Ẹ ò sí níbẹ̀, Ọ̀gá,” Burulcha dáhùn. “Ẹ ò kọ ọ́.”

“Àbójútó ta ló fi ń ṣiṣẹ́?”

“Tiyín ni.”

“Ó dáa. Ẹ pa gbogbo wọn rẹ́, kí ẹ kọ tèmi. Ògbufọ̀ Mombekov ni yóò máa jẹ́.”

Burulcha gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. “Ọ̀gá, mo lè ṣe ohun tí ẹ sọ yìí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí tí mi ò fi ní í ṣe é náà nìyẹn. Nǹkan tó bá rọrùn tó báyìí láti bà jẹ́, ó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún un.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé e lọ síbi tí kòtò omi ti bẹ̀rẹ̀, sí ilé kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, kó máa ka ọ̀pá ìwọn omi. Mombekov dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ó ṣe ń kẹ́rù.

“O ò gbọdọ̀ mú ẹ̀rọ ìjọba kankan lọ o.”

“Mi ò mú nǹkan kan. Ògbufọ̀ yẹn ti wà nílé mi, ó sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta nílùú yìí.”

“Láti òní lọ, ti ìjọba ni.”

“Ti gbogbo ayé ni tẹ́lẹ̀, Ọ̀gá. Ìjọba náà wà nínú ayé.” Ó mú ife rẹ̀, ó lọ.

Jumakadyr ní àna kan tó ń tún fóònù ṣe nínú ọjà, Myktarbek lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n pè. Nígbà tó jẹ́ pé inú ògbufọ̀ náà ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kò pẹ́ tó fi rí ibi tí wọ́n kọ “Kò yé mi” sí. Tíì tí wọ́n gbé fún un kò tíì tutù tó fi yí i padà, tó pa orúkọ mọ́kànlélógójì rẹ́, tó sì kọ síbẹ̀ pé: “Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: E. T. Mombekov.” Kò kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Alátùn-ún-ṣe fóònù kì í ṣe òmùgọ̀.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ tó dùn jù lọ nínú ayé Mombekov. Ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá sórí tábìlì rẹ̀. Ó ti ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pé, “Ìlẹ̀kùn kẹrin, kí ọ̀gá rẹ.” Ẹ̀rọ dáhùn: “Ó yé mi, Ọ̀gá.” Ó ní kí ìlẹ̀kùn kejì jó. Ó yé e. Ó ní kí òkè wólẹ̀ fún òun. Ó yé e. Ó bi í bóyá òun yẹ ní gómìnà. Ó yé e, Ọ̀gá. Mombekov fẹ̀yìn ti àga, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó bí i kò gbọ́ ọ yé tó báyìí rí.

Jumakadyr se àsè fún un. Wọ́n da ẹ̀wù àrán tí wọ́n fi okùn wúrà ṣe iṣẹ́ sí lára lé e léjìká, wọ́n gbé orí àgùntàn, oúnjẹ ẹni ọlá, síwájú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì dìde yìn ín, ife lọ́wọ́. Olùṣirò owó fi ewì yìn ín. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ náà dìde, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀gá máa nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Ibẹ̀ ni ọtí ti gun Mombekov, ó sì kéde èrò tuntun kan: ìlẹ̀kùn méjèèje kò ní máa jẹ́ “kìn-ín-ní” àti “kejì” bí ẹlẹ́wọ̀n mọ́. Orúkọ àwọn baba ńlá òun méjèèje ni wọn yóò máa jẹ́.

Ọmọ Kyrgyz tó bá níyì gbọ́dọ̀ lè ka baba rẹ̀ méje láìdúró. Mombekov ka mẹ́rin, ó dúró. Ó mu ọtí sí i, kò rántí.

“Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Ọ̀gá,” Jumakadyr sọ sí i létí. “Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí yín.”

Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti bá a rí àwọn mẹ́ta tó kù. Ìkeje wọn, Karager, ni orúkọ tí Mombekov fẹ́ràn jù. Ó ní òun ń gbọ́ ìró ogun nínú rẹ̀. Ẹṣin tó gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje ọdún tó kọjá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ni yóò sọ fún un?

Níbí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Myktarbek yí orúkọ àwọn ìlẹ̀kùn padà, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò fọwọ́ kan ìwé àsìkò tí Burulcha kọ, èyí tó ṣì ń wí ní gbogbo òwúrọ̀ pé, “Ìlẹ̀kùn kẹrin, ṣí.” Kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ Ìlẹ̀kùn kẹrin mọ́. Nínú èdè yẹn, bí a bá pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́, ẹnì kan wà tó máa ń jẹ́ ẹ, Kòsí ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ní kí Kòsí ṣí, á pariwo pé kò yé òun, ọwọ́ wo lòun fẹ́ fi ṣí i? Ní báyìí, Kòsí dáhùn pé, “Ó yé mi, Ọ̀gá.” Ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: ó ti ṣí, omi ti dé oko. Látọjọ́ náà, Kòsí ló ń bomi rin gbogbo oko Sary-Tektir.

Oṣù Kẹfà ni, ẹ̀wà ń yọ òdòdó. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ewé rọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ilẹ̀ là. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ayimkan, opó tó ń dá oko ẹ̀wà hẹ́kítà méjì, fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì. Ó kọjá lára akọ̀wé, ó kọjá lára Jumakadyr, ó gbé igi ẹ̀wà gbígbẹ kan lé orí tábìlì Mombekov. Yẹ̀pẹ̀ dà sórí ìwé.

“Ernazar ọmọ Tashtanbek,” ó ní, “mo wá béèrè omi mi.”

Mombekov kò fẹ́ràn bí ó ṣe pè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ìyá náà kò gba ìbínú. Ó ṣí ìwé. “Màmá, ẹ gba omi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ tún gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wà níbí. Ìlẹ̀kùn ṣí fún wákàtí mẹ́rin.”

“Níbo?”

“Ní oko yín.”

“Oko mi ni mo ti ń bọ̀. Eruku rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mi yìí.”

“Ìwé ò ní parọ́, Màmá. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ pé kò yé ẹ̀rọ.”

Ìyá Ayimkan fa ìwé náà mọ́ra, ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń wò ó bóyá ó tutù. “Ó dáa,” ó ní. “Fún mi ní ìwé yìí. Bí ìgbà òtútù bá dé, màá sè é fún àwọn ọmọ ọmọ mi, màá ní ẹ̀wà ìjọba ni.”

Ó fi igi ẹ̀wà sílẹ̀, ó jáde. Mombekov wo ewé gbígbẹ náà pẹ́ títí. Nǹkan kan mì nínú rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó pe Jumakadyr, ó ní kó lọ wo oko náà. Jumakadyr gbé ọkọ̀, ó dúró sí etí títì, ó mu tíì lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀, ó padà. “Ọ̀gá, omi mù mí dé orúnkún,” ó ní. “Àgbà ló ń dé sí wọn.” Ara Mombekov sì balẹ̀. Ẹni tó bá ti ń jẹ oyin ìyìn fún ìgbà pípẹ́, òótọ́ á máa korò lẹ́nu rẹ̀ bí oògùn.

Burulcha, lókè lọ́hùn-ún, ń ka ọ̀pá rẹ̀. Omi inú kòtò ń ga sí i lójoojúmọ́, nítorí ìlẹ̀kùn kankan kò ṣí láti yà á sí oko. Ó ń pe ọ́fíìsì láràárọ̀.

“Omi ti kọjá àmì pupa,” ó sọ fún Jumakadyr. “Ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá.”

“Àǹtí, ìlara ò dáa,” Jumakadyr á ní, á gbé fóònù sílẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kòtò omi ńlá ti parí, pápá koríko kan tó tẹ́jú wà. Ibẹ̀ ni Mombekov yàn fún ayẹyẹ Ògbufọ̀ Mombekov ní oṣù Keje. Wọ́n pa àgọ́ funfun mẹ́fà, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n pa àgùntàn mọ́kànlá. Gómìnà wá. Wọ́n gbé ìtàgé kan kalẹ̀, àwòrán Mombekov lẹ́yìn rẹ̀, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹṣin ń bẹ̀rù rẹ̀.

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tó gun orí ìtàgé. Ògiri amọ̀ tó di ìsàlẹ̀ kòtò sì ti ń yọ́ láti àárọ̀.

“Ẹ̀yin Gómìnà wa, ẹ̀yin ará,” Mombekov bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo, “láyé àtijọ́, àgbẹ̀ ló ń wá omi kiri. Lójú òru, pẹ̀lú ọkọ́, pẹ̀lú ìjà. Ní àsìkò tèmi, mo ti sọ ọ́ di pé omi fúnra rẹ̀ yóò máa wá bá ènìyàn níbi tó bá jókòó sí.”

Omi sì wá. Kò sáré, jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀, ó mọ́ gaara, ó gba ẹ̀yìn àgọ́ wọlé, ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó jókòó nílẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan da tíì nù. Lẹ́yìn náà ni búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Mombekov rí i tí àwọn ènìyàn ń dìde níkọ̀ọ̀kan, ó gbà pé ìwúrí ló gbé wọn dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dákẹ́ de àtẹ́wọ́.

Gómìnà bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú un dání. “Ernazar,” ó ní, “wo ilẹ̀.”

Nígbà tó máa wolẹ̀, omi ti dé àtẹ̀gùn ìtàgé. Ó rí orí àgùntàn tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún un tó ń yí lọ lójú omi, tó kọjú sí i, tó tún kọ̀yìn sí i. Katakata kan sì ń bọ̀ láti ọ̀nà òkè, àwọn àgbẹ̀ bí ogún lórí ọkọ̀ tó ń fà, Ìyá Ayimkan níwájú. Wọ́n fẹ́ bá Gómìnà sọ̀rọ̀ ni. Ìyá náà sọ̀kalẹ̀, ó dúró nínú omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bù ú, ó wò ó.

“A ti ń wá a láti oṣù tó kọjá,” ó sọ fún Gómìnà. “Ibí ló wà.”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Gómìnà ní kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn méjèèje lójú ẹsẹ̀. Mombekov fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ fóònù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ náà, àmọ́ orúkọ àtijọ́ ló wá sí i lórí: Ìlẹ̀kùn kìn-ín-ní, ṣí. “Ó yé mi, Ọ̀gá.” Ìlẹ̀kùn kejì, ṣí. “Ó yé mi, Ọ̀gá.” Omi ń ga. Ó tún un tẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó yé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdáhùn náà ba Mombekov lẹ́rù.

Burulcha ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti rí i lórí ọ̀pá rẹ̀ pé omi fò wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ̀ pé ògiri ìsàlẹ̀ ti lọ. Ẹṣin aládùúgbò ló gùn sọ̀kalẹ̀. Ó kó àwọn àgbẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ibi tí wọ́n ń gbà fi ọwọ́ yí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n, ọkùnrin mẹ́rin-mẹ́rin sì ń yí irin náà títí gbogbo rẹ̀ fi ṣí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ọjà, ó gba ògbufọ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ bà, ó gbé e padà sí ọ́fíìsì. Bí ó ṣe tan án, “Kò yé mi” bẹ̀rẹ̀ sí í tò sójú rẹ̀, ìgbà mẹ́tàdínlógún. Burulcha fa àga mọ́ra, ó ń tún wọn ṣe níkọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wà ìlú náà kú. Ìyá Ayimkan pàdánù ju ìdajì lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Gómìnà pe ìgbẹ́jọ́. Mombekov wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dára jù lọ wá. Ó ti rò ó dáadáa.

“Ẹ̀bi àwọn àjèjì ni,” ó ní. “Àwọn mọ́kànlélógójì kan nílẹ̀ òkèèrè ló kọ ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n tan ìlú wa jẹ.”

“Mọ́kànlélógójì,” Gómìnà wí. Ó wọ awò rẹ̀, ó yí ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá láti orí tábìlì Mombekov sí i. “Bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí.”

Mombekov wò ó. Ó yíjú sí Jumakadyr.

“Ó dáa, èmi á kà á. ‘Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: E. T. Mombekov.’ Ṣé àjèjì ni?”

Jumakadyr dìde, ó fi ọwọ́ láyà, ó kọjú sí Gómìnà. “Ẹ̀yin Gómìnà wa,” ó ní, “láti ọjọ́ tí ẹ ti wọ ìlú yìí, oòrùn—”

“Jókòó,” Gómìnà dá a dúró. “Mo rí oòrùn lójú fèrèsé. Ìwọ náà, wọn ò fẹ́ ọ lọ́fíìsì lọ́la.”

Báyìí ni Ọ̀gá Àgbà ṣe di ẹni tí kò ní ọkọ̀, tí kò ní akọ̀wé, tí kò ní àgbàlá. Lọ́jọ́ tó lọ kó ẹrù rẹ̀, kò sí ìlà kankan níta. Ó gba iwájú yàrá kékeré ẹ̀yìn kọjá, ó dúró.

“Àǹtí Burulcha,” ó ní, “ẹ mọ̀ pé ó máa rí báyìí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Mo pè yín fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, Ernazar.”

“Ta ló gbé e?”

Burulcha padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mombekov ń fi ìka ha igi ẹnu ọ̀nà. “Àwọn orúkọ yẹn ńkọ́? Ẹ ti dá wọn padà?”

“Gbogbo wọn.”

“Tèmi?”

“Ó wà níbẹ̀.” Burulcha yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. “Àdéhùn wọn ni pé ẹni tó bá yí i padà, ká kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó yí. Mi ò lè rẹ́ ẹ jẹ.”

Lábẹ́ orúkọ mọ́kànlélógójì náà ló ti kà á: “Ìkejìlélógójì: E. T. Mombekov. Ó mú ‘Kò yé mi’ kúrò. A ti dá a padà.”

Ó kà á tán. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó jáde.

Bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sí abúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wọ̀. Ó kún, ó gbóná, gbogbo rẹ̀ ń rùn gbúù fún irun àgùntàn. Kò sí ẹni tó dìde fún un. Ó rí àyè kan lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó gbé àpò àlùbọ́sà méjì, tó tún gbé ọmọ àgùntàn dúdú kan mọ́yà. Obìnrin náà wò ó láti orí fìlà dé bàtà.

“Bùọ̀dá, ẹ bá mi gbé e,” ó ní, kò dúró kó dáhùn, ó ti gbé ọmọ àgùntàn náà lé e lórí itan. “Ọwọ́ ń ro mí. Ẹ di orí ẹ̀ mú, kó má baà gbá a mọ́ irin.”

Mombekov di orí rẹ̀ mú. Ẹranko náà tọ̀ sí i lára, ó sì gbóná wọ ẹ̀wù àrán ọjọ́ àsè tó wọ̀ sọ́rùn. Obìnrin náà ní kó má bínú, ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ sí ènìyàn. Mombekov ní kò sí wàhálà.

“Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?”

Ó ronú. Oko ẹ̀wà ń kọjá lójú fèrèsé, èyí tutù, èyí jóná, èyí tutù. “Mi ò tíì rí,” ó ní.

Obìnrin náà mi orí, ó gbé orí ti àpò àlùbọ́sà rẹ̀, kò pẹ́ tó fi sùn lọ. Ọmọ àgùntàn náà sùn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé ojúde abúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, awakọ̀ fọn fèrè, ó béèrè bóyá ẹnì kan ń bọ́. Mombekov wo ẹranko tó sùn fọnfọn lórí itan rẹ̀, ó wo obìnrin tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún di orí ẹranko náà mú kó má baà jí. Bọ́ọ̀sì gbéra, ó gbé e kọjá lọ.